Ṣé O Mọ̀? Lésà, Ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ àti Irin Tí Kì Í Dí Iná Lọ́nà

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti fi lésà yẹ ìlẹ̀kẹ̀ Ilé-Ifẹ̀ wò? Ìlẹ̀kẹ̀ tí awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babalọlá àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wú ní Igbó Olókun, n'Ifẹ̀, lé ní 12,000. Wọ́n ta lésà sára 52 nínú wọn, ó bu bíńtín kúrò, ẹ̀rọ sì ka èròjà inú eruku náà. Kálísíọ̀mù àti alumíníọ̀mù pọ̀ nínú díńgí náà lọ́nà tí a kò bá níbòmíràn, àfi lágbègbè wa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń sọ pé díńgí àjèjì ni Ifẹ̀ ń tún yọ́. Rárá o! Ifẹ̀ ló ṣe tirẹ̀, láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15, ó sì tà á dé Gao ní Mali. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ iléèwé wa mọ èyí.

Ṣé o mọ̀ pé lésà tó ń bu nǹkan náà lè to nǹkan? Gbé irin àti sẹ́léníọ̀mù sínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí lésà máa ta á léraléra. Ìta kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù 40 ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Eruku rẹ̀ á tàn yòò, á fò, á bà sórí pẹlẹbẹ tó gbóná, á sì tò ní ipele-ipele. Awọ tó bá jáde lè fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Bí hílíọ̀mù olómi bá mú un tutù, iná mànàmáná á gba inú rẹ̀ kọjá láìdínkù rárá. Superconductor nìyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé mákúrì ni wọ́n kọ́kọ́ rí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ní Leiden, lọ́dún 1911?

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n gbà tẹ́lẹ̀ pé òòfà inú irin ń ba iṣẹ́ superconductor jẹ́ ni? Àfi ìgbà tí Hideo Hosono àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tokyo fi èròjà onírin ṣe é ní 2008, ní òtútù tó tó ìwọ̀n 247 Sẹ́síọ̀sì nísàlẹ̀ òdo.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀rọ tó lè yẹ irú awọ irin àti sẹ́léníọ̀mù bẹ́ẹ̀ wò wà n'Ifẹ̀? Ó wà ní CERD, ibùdó ìwádìí nípa agbára ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀: Pelletron oní-mílíọ̀nù 1.7 fóòtì. Àwọn onímọ̀ físíìsì ibẹ̀ ń ṣe awọ tiwọn náà, ṣùgbọ́n ooru ni wọ́n fi ń sọ èròjà di oru tí yóò lẹ̀ mọ́ díńgí gbígbóná. Pelletron ń ta hílíọ̀mù sí awọ. Èyí tó bá kọ lu sẹ́léníọ̀mù máa ń fi agbára ta padà ju èyí tó kọ lu irin lọ, torí sẹ́léníọ̀mù wúwo jù ú. Sẹ́léníọ̀mù a sì máa tètè sá nínú ooru. Irú ìwọ̀n yìí ni yóò fi hàn bóyá ó kù tó.