Kíkọ́ Ọmọdé ní Ìwà Ọmọ Ìlú Rere ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti Ìjọ Kristẹni

Ìfáárà

Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìjọ Kristẹni dá sílẹ̀, orin ìyìn, àdúrà, orin orílẹ̀-èdè àti ẹ̀jẹ́ orílẹ̀-èdè ni ó sábà máa ń tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà ní òwúrọ̀. Láti ọdún 1976, nígbà tí Felicia Adebola Adedoyin kọ ẹ̀jẹ́ náà, ni ó ti wà lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Ìbéèrè tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni pé: ǹjẹ́ ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe Kristẹni, tí òun náà dúró lórí ìlà yìí, lè gba ìwà tí a ń kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀? Bí kò bá lè gbà á, a kò tíì kọ́ ọ ní ìwà àjùmọ̀ní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì ni wọ́n gbé ilé-ẹ̀kọ́ ìwé kíkà dé Àgbádárìgì láàrin ọdún 1842 sí 1843, ọwọ́ ìjọ sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ ilé-ẹ̀kọ́ wà fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí tí ó fẹ́ kàwé ni ó bá ìrìbọmi àti orúkọ tuntun pàdé níbẹ̀. Ìbẹ̀rù èyí wà lára ohun tí ó mú kí a dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1923, kí ọmọ Mùsùlùmí lè kàwé láì sọ ẹ̀sìn rẹ̀ nù.

Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ti là á yé wa. Abala 38 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ipá mú ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, tàbí kópa nínú ìjọsìn, tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn tirẹ̀ tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Abala yìí kan náà gba ìjọ láàyè láti kọ́ àwọn ọmọ ìjọ náà ní ẹ̀sìn wọn, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ nìkan ń bójú tó. Abala 23 wá ka ìwà méje sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà: ìkóra-ẹni-níjàánu, ìṣòtítọ́, iyì iṣẹ́ ṣíṣe, ìdájọ́ òdodo láwùjọ, ìfaradà fún ẹ̀sìn ẹlòmíràn, ìdádúró lórí ẹsẹ̀ ara ẹni àti ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ẹni. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí Yorùbá ń pè ní ọmọlúàbí yóò rí i pé díẹ̀ ni ó ṣàjèjì sí wa nínú wọn.

Ohun tí ojú ń rí nínú kíláàsì

Nígbà tí a bá lọ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa níbi tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, ohun tí a sábà máa ń bá ni oríkì ìṣòtítọ́ lójú pátákó. Àwọn ọmọ á kà á ní àkàtúnkà, wọ́n á dà á kọ, agogo á sì lù. Ṣùgbọ́n bí pẹ́ńsù ọmọ kan bá sọnù lọ́jọ́ kejì, gbogbo kíláàsì ni olùkọ́ yìí kan náà yóò nà. Kí ni ọmọ tí kò mú nǹkan kan kọ́ nípa ìdájọ́ òdodo lọ́jọ́ náà? Ohun tí ó kọ́ ni pé aláìṣẹ̀ àti ẹlẹ́ṣẹ̀ kò yàtọ̀ lójú aláṣẹ. Èrò tiwa ni pé ẹ̀kọ́ orí pàṣán yìí ni yóò bá a dàgbà, kì í ṣe ti ojú pátákó. Ó sàn kí olùkọ́ gbé páálí kan sí ẹ̀yìn kíláàsì, kí ó jẹ́ kí ẹni tí ó mú nǹkan dá a padà síbẹ̀ láìsí ariwo, kí ó sì wá fi ìtàn Sákéù agbowó-òde, ẹni tí ó ṣe ìlérí láti dá ohun tí ó fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin, kọ́ wọn pé jíjẹ́wọ́ nìkan kò tó.

Èyí fi hàn pé Bíbélì kò dí ẹ̀kọ́ yìí lọ́wọ́. Ìtàn aláàánú ará Samáríà ni ó tún wúlò jù, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń sọ. Wọ́n á ní kí àwọn ọmọ máa ran ènìyàn lọ́wọ́, ó tán. Wọn kì í sọ pé àwọn Júù àti àwọn ará Samáríà kò fẹnu kò lórí ibi tí ó yẹ kí a ti máa sin Ọlọ́run, àti pé ẹni tí ìjọsìn rẹ̀ yàtọ̀ ni Jésù fi ṣe àpẹẹrẹ rere. Bí olùkọ́ bá sọ èyí tán, kí ó ní kí ọmọ Mùsùlùmí inú kíláàsì sọ bí wọ́n ṣe ń pín ẹran Iléyá fún àwọn aládùúgbò tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Kristẹni ni yóò jẹ́rìí sí i, nítorí wọ́n ti jẹ nínú rẹ̀.

Bákan náà ni ti yíyan olórí kíláàsì. Dípò kí olùkọ́ mú ọmọ pásítọ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ju òkúta wẹ́wẹ́ kan sínú agolo ẹni tí ó wù ú, kí a kà á lójú gbogbo wọn.

Àríwísí kan

Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n ni ilé-ẹ̀kọ́ lè sọ pé òbí mọ̀ pé ti ìjọ ni kí ó tó mú ọmọ wá. Òótọ́ ni, a kò sì ní kí wọ́n pa àdúrà tì. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a má fi máàkì tàbí ìyà mú ọmọ ṣe é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lè béèrè ibi tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò wà nígbà tí àdúrà bá ń lọ. Kí ó jókòó jẹ́ẹ́ láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí òbí rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀. Bí kò bá gbà, kí olùkọ́ kan jókòó tì í nínú kíláàsì pẹ̀lú ìwé kíkà. Kí a má ṣe mú un dúró sínú oòrùn bí ẹni tí ó pẹ́ dé.