Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Tẹ̀lé Àǹtí Lọ Sí Ìpolongo Ìbò



Àwọn àgbà tó rántí "wẹ́tìẹ̀", nígbà tí wọ́n ń sun ilé nítorí ìbò 1965 ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, kì í fẹ́ kí ọmọ sún mọ́ òṣèlú. A ò bá wọn wí. Àmọ́ ní Britain níbí, ọmọ lè bá àǹtí tàbí bùrọ̀dá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ìpolongo lọ́sàn-án Sátidé, kí wọ́n sì padà wálé jẹun.

Kí ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n á pín ìwé láti ilé dé ilé, wọ́n á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á bi onílé léèrè ẹgbẹ́ tó fẹ́. Àgbà ló ń sọ̀rọ̀, ọmọ á máa kó ìwé. (Ẹ má ti ìka bọ ihò lẹ́tà o, ajá lè wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn!) Bí onílé bá ní òun ò fẹ́, ẹ dúpẹ́, ẹ kọjá. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn fún ọmọ: ìbò láìsí ìjà.

Ibi tẹ́ ẹ ti wúlò jù ni ẹnu ọ̀nà àwọn ará wa. Màmá kan lè ní, "Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mo ní, kò kàn mí." Ó kàn wọ́n o! Ọmọ Kọmọnwẹ́ẹ̀tì tó ní ìwé ìgbélùú lè forúkọ sílẹ̀, kó sì dìbò. Ní ìbò July 4, 2024, páásípọ́ọ̀tù yẹn gan-an wà lára ìwé tí wọ́n gbà níbi ìdìbò. Ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé fún wọn.

Ẹgbẹ́ yòówù tí ẹbí yín ń ṣe, ẹ rántí: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.