Ìjà Ìkúùkù Lásán àti Ohun Tí Ó Kù Lẹ́yìn Rẹ̀

Ọ̀rẹ́ wa kan, oníṣòwò obì ní Ọ̀yẹ́, bi wá léèrè láìpẹ́ yìí pé, òótọ́ ha ni pé àwọn Òyìnbó a máa fi owó gidi ra aṣọ ìnujú àtijọ́, nítorí kìkì pé a so ó mọ́ òpó ní ọjọ́ tí àwọn akànṣẹ́ jà? A dá a lóhùn pé òótọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwa kò lè bá a rẹ́rìn-ín, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Kí ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n mọ̀ pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà àtijọ́, ìkúùkù lásán ni a fi ń kànṣẹ́, láìsí ìbọ̀wọ́. Jack Broughton ni ó ṣe òfin sí i ní ọdún 1743. Èyí tí ó kẹ́yìn nínú àwọn ìjà ńlá fún oyè alágbára jùlọ ni ti John L. Sullivan àti Jake Kilrain ní Mississippi, ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 8 oṣù Keje, ọdún 1889. Ìgbà 75 ni wọ́n kọlu ara wọn nínú oòrùn. Akànṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ aṣọ sẹ́dà tirẹ̀. Àwọn tí ń gbè é lẹ́yìn a máa gba irú aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣẹ́gun, wọn a sanwó. Bí a bá ṣẹ́ ẹ, wọn kì í san nǹkan kan. (Ọ̀rẹ́ wa ní irú àwìn bẹ́ẹ̀ kò lè wọ ọjà Ọ̀yẹ́ láé.)

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn tí ó wọ̀ wá lọ́kàn jùlọ ni ti Tom Molineaux, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ó ti oko ẹrú ní Amẹ́ríkà wá. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 1810, ó bá Tom Cribb, ọ̀gá àwọn akànṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, jà nínú òjò àti òtútù, díẹ̀ ni ó sì kù kí ó ṣẹ́gun. Ọ̀pọ̀ ni ó gbà títí di òní pé èrú ni a fi gba ìjà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Thistleton Gap ní oṣù Kẹsán-án, ọdún 1811, Cribb fọ́ ọ ní àgbọ̀n, ìgbà 11 péré ni ìjà náà sì gbà. Ní ọdún 1818 Molineaux kú nínú òṣì ní Galway, ní ilẹ̀ Ireland. Síbẹ̀ àwọn amọ̀kòkò Staffordshire ti mọ ère òun àti Cribb tà, àwọn ayàwòrán pẹ̀lú ti tẹ àwòrán rẹ̀ tà. Ọ̀kan tí Robert Dighton ṣe ní 1812 wà ní National Portrait Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù. Èrè náà kò kàn án. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí amọ̀ àti bébà wọ̀nyí, ta ni ì bá mọ ojú rẹ̀ lónìí?

Ẹ jẹ́ kí a bọ̀ wá sí ilé. Àwọn Haúsá ní dambe tiwọn, nínú èyí tí akànṣẹ́ ń fi aṣọ àti okùn di ọwọ́ kan ṣoṣo. Àwa Èkìtì, ẹkẹ ni tiwa, a kò sì mọ ẹni tí ó tọ́jú ṣòkòtò ọ̀kan nínú àwọn olókìkí ìgbà nì. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ, ọdún 1963, Dick Tiger, ọmọ Ìgbò, borí Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà lẹ́yìn ìgbà keje ní pápá Liberty ní Ìbàdàn, tí à ń fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè nísisìyí. Ìbọ̀wọ́ ni wọ́n fi jà ní tiwọn. Bàbá wa ti Ìkọ̀lé lọ wò ó, ó sì mú ìwé ìkéde ìjà náà bọ̀, ó tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí à ń tún ilé ṣe, àwa ni a fi ọwọ́ ara wa kó o sínú iná pẹ̀lú pàǹtí. Bàbá kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó wo eérú náà, ó sì wọlé lọ.

Àbúrò Bàbá kan wà ní Ìdó tí wọ́n jọ lọ sí Ìbàdàn ní ọjọ́ náà. A gbọ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ṣì wà láàárín ìwé orin rẹ̀. A ti ránṣẹ́ sí i pé a ń bọ̀ ní Sátidé, kí ó jọ̀wọ́ má jẹ́ kí àwọn ọmọdé fọwọ́ kàn án.