Plọ́ọ̀gì mẹ́jọ gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́ wa

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni iná ẹ́ńjìnnì fi ń ṣẹ́jú nínú píkọ́ọ̀pù Dádì kí wọ́n tó sọ fún wa. Nígbà tí a wà á yí àdúgbò wa ká níbí ní Houston, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, pàápàá tí a bá dúró níbi iná pupa. Ọkọ̀ yìí ni Dádì fi ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Àkàbà wà lórí rẹ̀, irinṣẹ́ kún ẹ̀yìn rẹ̀. Tí kò bá jáde ní Mọ́ńdè, kò sí owó ọ̀sẹ̀ yẹn nìyẹn.

Kí ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ òbí yín má fojú kéré iná yẹn o. Tó bá kàn tàn lásán, ẹ ṣì lè wá àyè lọ wò ó. Tó bá ń ṣẹ́jú, epo tí kò jó ló ń wọ inú sàlẹ́ńsà, ó sì lè ba ohun tó ń fọ èéfín mọ́ níbẹ̀ jẹ́. Ìyẹn wọ́n ju plọ́ọ̀gì lọ fíìfíì.

A ki ẹ̀rọ kékeré tó ń ka àléébù bọ ihò tó wà lábẹ́ sítíárì. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ihò yìí. Ó gbé P0304 jáde. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn ni kí ẹ wò: nínú sìlíńdà kẹrin, epo kò jó bó ṣe yẹ. Ọkọ̀ náà ti rin máìlì 118,000, plọ́ọ̀gì tí wọ́n fi sí i nígbà tí wọ́n ṣe é ló ṣì ń lò, bẹ́ẹ̀ ìwé rẹ̀ ní kí wọ́n pààrọ̀ wọn ní 100,000.

Plọ́ọ̀gì kẹ̀? A mọ plọ́ọ̀gì. Nígbà tí a lọ lo ọlidé ní Ìbàdàn, jẹnẹrétọ̀ ilé Màmá Àgbà kì í lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kí ẹnìkan tó tú plọ́ọ̀gì rẹ̀, kó fi sáńpépà ha á, kó fẹnu fẹ́ ẹ, kó dá a padà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. A ṣírò rẹ̀ pé mẹ́jọ á gba ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún.

Mẹkáníìkì tí Dádì pè ló kọ́kọ́ là wá lójú. Ó béèrè ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀. 2005. Ó béèrè ẹ́ńjìnnì. V8, lítà 5.4, fáàfù mẹ́ta fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín. Owó tó pè ju ohun tí Dádì ń rí ní ọ̀sẹ̀ kan lọ, ó sì ní èyíkéyìí tó bá kán sínú, owó ọ̀tọ̀ ni.

Ohun tó fa ẹ̀rín náà nìyí. Plọ́ọ̀gì tí a mọ̀, odindi irin kan ni ara rẹ̀. Tí ọkọ̀ yìí, méjì ni wọ́n so pọ̀. Lábẹ́ tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà tí a fi ń yí i wọlé, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún wà tó gùn wọ inú tọ́ọ̀pù sìlíńdà lọ. Èérí dúdú tí epo tó jó ń fi sílẹ̀ á wọ àlàfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá yẹn, iná á yan án títí tó fi le bí òkúta. Tí ẹ bá wá fi sípánà yí i, apá òkè á yí, apá ìsàlẹ̀ á ní òun kò lọ síbì kankan. Kẹ́ẹ́ tí ẹ máa gbọ́, ìdajì wà lọ́wọ́ yín, ìdajì wà nínú ẹ́ńjìnnì. Tí ìyẹn kò bá ṣeé yọ, àfi kí wọ́n tú tọ́ọ̀pù sìlíńdà.

Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ kọ ìlànà jáde lórí bí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe máa yọ wọ́n. Kí ẹ́ńjìnnì tutù. Kí a yí plọ́ọ̀gì ní ìdámẹ́jọ yíyí kan, kò gbọdọ̀ ju ìdámẹ́rin lọ. Kí a wá da oògùn tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀ sí i, kí a dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, kí a máa yí i lọ, kí a máa yí i bọ̀.

Bàbá Mushin, ẹ̀gbọ́n Dádì tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe kí wọ́n tó bí wa, kò gbà. Lórí WhatsApp ni wọ́n ti sọ ọ́: "Ẹ tan ọkọ̀ náà, kó gbóná díẹ̀. Irin tó bá gbóná ló ń gbọ́ràn." Ta ni nínú wa tó máa sọ fún Bàbá Mushin pé wọn ò tọ̀nà? A ní "Ẹ ṣé, sà," a wo ojú Dádì. Dádì ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ yìí ní àrùn tirẹ̀," wọ́n sì ní ká fi fọ́tò plọ́ọ̀gì náà ránṣẹ́. Bàbá Mushin pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó fèsì. "Ṣé méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ yẹn? Háà. Ẹ jẹ́ kó tutù o. Ẹ má sì kánjú."

Àárọ̀ Sátidé la bẹ̀rẹ̀. A tú kọ́ìlì tó wà lórí plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, a fi afẹ́fẹ́ fẹ́ iyanrìn inú ihò kúrò. Èyí àkọ́kọ́ han gooro bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀kan nínú wa ní ó ti kán, kò kán. Ó gbà wá ní ogójì ìṣẹ́jú, ó sì jáde lódindi, ó dúdú kirikiri. A ń gbé e wò bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Nígbà tí oòrùn fi ń wọ̀, a ti yọ mẹ́fà.

Ó ku kẹrin àti kẹjọ, àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá, tí ọwọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ dé. Ebi ń pa wá, ilẹ̀ ń ṣú. A da oògùn sí kẹrin, a dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, a ní ó tó. Ṣé ẹ ti mọ ìyókù? Kẹ́ẹ́. Dádì wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbọ́ ọ. Wọn ò bínú sí wa, èyí tó tún burú jù. Wọ́n kàn ní, "Ẹ wọlé wá jẹun."

Ní Sọ́ńdè, a lọ ra irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún plọ́ọ̀gì tó bá kán báyìí. Apá kan rẹ̀ á ti tánńganran inú ọ̀pá náà wọlé sí i, kó lè ṣí àyè sílẹ̀. Apá kejì á wé mọ́ inú ọ̀pá, á wá fà á jáde. A fi gíríìsì sí ẹnu rẹ̀ kí èérún irin má baà jábọ́ sórí písítìnnì. Ó jáde nígbà ẹ̀kẹta, pẹ̀lú ariwo tó mú ajá aládùúgbò wa máa gbó. Ní ti kẹjọ, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé, a tún fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn lé e.

Àwọn tuntun tí a fi sí i, ọ̀kan ṣoṣo ni ara wọn. A fi ìpara níkẹ́ẹ̀lì ra ọ̀pá ìsàlẹ̀ nìkan, a kò fi kan tírẹ́ẹ̀dì, a sì fi sípánà tó ń díwọ̀n agbára dì wọ́n dé 25 ft-lb.

Ní aago mẹ́fà àárọ̀ Mọ́ńdè, Dádì tan ọkọ̀. Kò gbọ̀n. Wọ́n jókòó sínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ, kí wọ́n tó jáde wá so àkàbà mọ́ ọn.

A fi fọ́tò èyí tó kán ránṣẹ́ sí Mushin. Bàbá béèrè iye tí a ra irinṣẹ́ náà, wọ́n ní ká ra méjì fún àwọn kí a fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ nílé. Irú píkọ́ọ̀pù yẹn kan, tòkunbọ̀, ni wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ wọn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọn ò sì tíì fọwọ́ kàn án.