Nígbà Tí Táyà Bá Bẹ́ Lójú Ọ̀nà Jíjìn

Ǹjẹ́ o ti bá àwọn òbí rẹ rin ìrìn àjò tí ó jìn rí? Bóyá ẹ gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá láti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin, tàbí ẹ ti Èkó lọ kí ìyá àgbà ní Àkúrẹ́. O kò ní ṣàì rí mọ́tò tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí wọ́n ṣí iwájú rẹ̀ sílẹ̀, tí àwọn èrò inú rẹ̀ sì jókòó sábẹ́ igi. Ó sì ṣeé ṣe kí o ti gbọ́ tí àgbàlagbà kan ń sọ pé, "Orí ni ó kó wa yọ lónìí." Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n kò sí ìjàǹbá tí kò ní ohun tí ó fà á, ohun náà ni a ó sì yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí táyà, nítorí òun nìkan ni ó ń fara kan ilẹ̀ nínú gbogbo mọ́tò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé afẹ́fẹ́ tí ó bá pọ̀ jù nìkan ni ó ń bẹ́ táyà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Táyà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó léwu púpọ̀ bí ọkọ̀ bá ń sáré. Wá wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí o máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn kíákíá ní ojú kan náà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, fi ìka kan ojú ibẹ̀. Ó ti gbóná, àbí? Bí o kò bá dúró, yóò já. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó. Nígbàkúùgbà tí ó bá yí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á tẹ̀, á sì tún nà. Táyà mọ́tò tí ó ń sáré kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń yí ní nǹkan bí ìgbà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ká wá fi ooru ọ̀dà tí oòrùn ọ̀sán ti yan kún un, ká tún fi àpò èlùbọ́ àti iṣu tí a dì sẹ́yìn ọkọ̀ kún un. Rọ́bà náà á gbóná títí, okùn inú rẹ̀ á máa já, á sì bẹ́ gbàmù!

Ọjọ́ orí táyà náà ṣe pàtàkì. Rọ́bà a máa gbó, kódà bí a kò bá lò ó. Ìdí nìyí tí táyà tòkunbọ̀ fi ń já ènìyàn kulẹ̀: ojú rẹ̀ lè máa dán bíi tuntun nígbà tí ara rẹ̀ ti sán. Ìwọ pàápàá lè ka ọjọ́ orí táyà. Wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa. O ó rí nọ́ńbà mẹ́rin tí ó wà papọ̀ ní ìparí àwọn lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT. Bí o kò bá rí i ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó lè wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ń sọ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tí ó kẹ́yìn ń sọ ọdún. Bí o bá rí 3519, ọ̀sẹ̀ 35 nínú ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà náà. Lọ wo ti mọ́tò bàbá rẹ, tàbí ti olùkọ́ rẹ bí ó bá gbà fún ọ. (Àwọn olùkọ́ mìíràn kò ní fẹ́ kí o sọ ohun tí o rí síta!)

Wàyí o, ká ní táyà bẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré. Ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí awakọ̀ lọ́kàn ni pé kí ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe gan-an nìyẹn. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ bẹ́ ti ń fa mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí a bá tún tẹ bíréèkì lójijì, ọkọ̀ lè pòòyì, tàbí kí ó dojú dé. Awakọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ á fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárì mú ṣinṣin, á rọra gbé ẹsẹ̀ tí ó fi ń tẹ iná kúrò, á sì jẹ́ kí eré ọkọ̀ náà rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ó tó yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Iṣẹ́ tìrẹ ńkọ́? Jókòó jẹ́ẹ́. Má ṣe pariwo, má sì fa awakọ̀ láṣọ. Bẹ́líìtì ìjókòó tí o so mọ́ra láti ilé ni yóò dì ọ́ mú.

Bíréèkì náà a máa gbóná. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, bí irú àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tí awakọ̀ sì tẹ bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó lè gbóná débi pé kò ní mú mọ́. Jíà kékeré ni àwọn awakọ̀ tí ó gbọ́n ń lò níbẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè bá wọn dá ọkọ̀ dúró.

Ti omi ẹ́ńjìnnì ni ó ń jó àwọn ènìyàn lójú. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná jù, omi inú rédíétọ̀ ti gbóná ju omi tí ó ń hó nínú ìkòkò lọ. Ìdérí rẹ̀ tí ó le pinpin ni kò jẹ́ kí ó hó. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i lójú ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tú sí i lójú. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì dúró títí yóò fi tutù pátápátá, bí ó tilẹ̀ gba wákàtí kan.

Ṣùgbọ́n oorun ni èmi kà sí ọ̀tá tí ó burú jù, nítorí kì í dún bíi táyà. Bí oorun bá gbé awakọ̀ lọ fún ìṣẹ́jú àáyá 4 péré, tí ọkọ̀ ń sáré kìlómítà 100 ní wákàtí kan, mọ́tò náà ti rin mítà 111 láìsí ẹni tí ó ń wò ó. Ìyẹn gùn ju pápá bọ́ọ̀lù lọ! Àwọn awakọ̀ mìíràn a máa jẹ obì, àwọn mìíràn a máa gbé orin sókè. Ìwọ̀nyí kò lè lé oorun lọ fún ìgbà pípẹ́. Oògùn oorun ni kí a sùn: kí awakọ̀ wá ibi tí kò léwu dúró sí, kí ó sì sùn fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Bí o bá rí i láti ẹ̀yìn pé orí awakọ̀ ń tẹ̀, tàbí pé ọkọ̀ ń yà bàrá kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, pè é. Sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí a dúró sinmi díẹ̀." Kò sí àrífín nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ ńlá, òfin fi ààyè kìlómítà 100 ní wákàtí kan sílẹ̀ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àdáni, 90 fún bọ́ọ̀sì èrò, àti 60 fún tìrélà àti táńkà. Bí ẹ bá sì bá táńkà epo tí ó ṣubú pàdé, ẹ jìnnà sí i. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, ènìyàn tí ó lé ní 140 ni iná pa ní ìpínlẹ̀ Jigawa, nígbà tí wọ́n ń gbọ́n epo táńkà tí ó dojú dé.

Bí ọkọ̀ yín bá dúró lójú ọ̀nà, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ kò ti ń kọjá sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì jìnnà sí ojú ọ̀dà. Kí àgbàlagbà kan gbé àmì pupa onígun mẹ́ta sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ 50 sí i. Ewé tútù tí àwọn ènìyàn ń já sójú ọ̀nà wúlò díẹ̀ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n kì í tàn lóru. Lẹ́yìn náà, kí ẹ pe 122, nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Níbo ni ẹ wà?" Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kì í mọ èsì ìbéèrè yìí, nítorí wọn kò wo ìta. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o ń ka orúkọ ìlú lára pátákó láti ojú fèrèsé lè sọ fún wọn pé, "A ti kọjá Ògbómọ̀ṣọ́, a kò ì tíì dé Ìlọrin."