Ẹyin, ẹ̀pà, mílíìkì: Ara ọmọ lè kọ oúnjẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìbẹ̀rù febi pa á

Kò sí ìyá tí àyà rẹ̀ kì í já bí ara ọmọ rẹ̀ bá ṣàdédé sú lẹ́yìn oúnjẹ. Ọmọ oṣù mẹ́fà ni, ọmú nìkan ló ti ń mu láti ọjọ́ tó ti dáyé. Wọ́n wá fún un ní ṣíbí ògì mélòó kan tí wọ́n po ẹ̀pà, edé àti sóyà mọ́. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí ètè ọmọ fi wú, tí ara rẹ̀ sú, tó sì bì. Lójú ẹsẹ̀ ni ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Ìyá ọkọ ní ẹ̀pà ni, aládùúgbò ní edé ni, ẹlòmíràn ní èèwọ̀ ìdílé ni wọ́n fún ọmọ jẹ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti fòfin de ẹ̀pà, edé, ẹja, ẹyin àti mílíìkì. Ògì funfun lásán ló kù tí ọmọ ń mu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti léwu gan-an rèé. Òótọ́ ni pé ara àwọn ọmọ kan kọ oúnjẹ kan, èyí tó bá sì le nínú rẹ̀ lè gbẹ̀mí ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n gba gbogbo oúnjẹ aṣaralóore lẹ́nu rẹ̀ nítorí ìfura lásán, inú ewu mìíràn ni wọ́n tì í sí. Èyí tó tún ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé ìwádìí àwọn oníṣègùn ti fi hàn pé kíkọ̀ láti fún ọmọ ní irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi dàgbà kì í dáàbò bò ó. Ní ti ẹ̀pà pàápàá, kíkọ̀ yẹn gan-an ló ń sọ oúnjẹ náà di ọ̀tá fún ọ̀pọ̀ ọmọ.

ỌMỌ OGUN INÚ ARA TÓ ṢI Ọ̀TÁ MÚ

Ẹlẹ́dàá fi àwọn ọmọ ogun sínú ara ènìyàn láti máa gbógun ti kòkòrò àrùn. Nínú ara àwọn ọmọ kan, àwọn ọmọ ogun yìí a máa ṣi oúnjẹ mú. Wọn a kà á sí ọ̀tá, wọn a sì dìde sí i. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní àlẹ́jì. Kì í pẹ́ kó tó fara hàn: láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí méjì, ara á sú, ojú tàbí ètè á wú, ọmọ á máa bì, tàbí kí èémí rẹ̀ má já gaara mọ́. Irú kan tún wà tí kì í tètè yọjú. Wákàtí kan sí mẹ́rin lẹ́yìn oúnjẹ ni ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bì léraléra, ojú rẹ̀ á ṣì, ara rẹ̀ á sì rọ. Mílíìkì màlúù, sóyà, kódà ìrẹsì pàápàá lè fa èyí.

Ohun mìíràn tí àwọn ènìyàn máa ń kà mọ́ àlẹ́jì, tí kì í ṣe àlẹ́jì, ni kí inú má lè da oúnjẹ kan. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nílẹ̀ Áfíríkà ni inú wọn máa ń kùn tí wọ́n bá mu mílíìkì, nítorí pé inú wọn kò lágbára mọ́ láti da ṣúgà tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí ṣọ̀wọ́n lára ọmọ ọwọ́, nítorí ṣúgà kan náà ló wà nínú ọmú ìyá. Ó lè ṣẹlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìgbẹ́ gbuuru, yóò sì lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe já ọmọ lẹ́nu ọmú nítorí pé inú ọmọ ń kùn.

Oúnjẹ mẹ́sàn-án ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà kà sí èyí tó ń fa àlẹ́jì jù lọ: mílíìkì màlúù, ẹyin, ẹja, àwọn ẹran omi eléèpo bí edé àti alákàn, ẹ̀pà, àwọn èso bíi kaṣú, àlìkámà, sóyà, àti yànmọ̀tí tí wọ́n fi kún un nínú òfin ọdún 2021. Ẹni tó bá wo orúkọ wọ̀nyí dáadáa yóò rí i pé púpọ̀ nínú oúnjẹ tó ń mú ọmọ dàgbà ló wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi ṣeé ṣe láti fi ọwọ́ kan gbá gbogbo wọn dànù.

BÍ ÀWỌN DÓKÍTÀ ṢE YÍ OHÙN PADÀ

Ìgbà kan wà tí àwọn oníṣègùn fúnra wọn ń ní kí àwọn òbí sá fún oúnjẹ wọ̀nyí. Ní ọdún 1998, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn ìdílé tí àlẹ́jì wà nínú ẹbí wọn nímọ̀ràn pé kí wọ́n má fún ọmọ ní ẹ̀pà títí yóò fi pé ọdún mẹ́ta. Ní ọdún 2000, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ pé ọmọ tí ewu yìí wà fún kò gbọdọ̀ jẹ ẹyin kó tó pé ọdún méjì, kó má sì jẹ ẹ̀pà àti ẹja kó tó pé mẹ́ta. Àwọn òbí gbọ́ràn. Síbẹ̀, ńṣe ni àwọn ọmọ tí ẹ̀pà ń ṣe ní jàǹbá ń pọ̀ sí i.

Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí fi àwọn ọmọ Júù tó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wé àwọn ọmọ Júù tó ń gbé ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Ẹ̀yà kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n àlẹ́jì ẹ̀pà lára àwọn tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ìlọ́po mẹ́wàá tàwọn tó wà ní Ísírẹ́lì. Kí ló fa ìyàtọ̀? Ní Ísírẹ́lì, kí ọmọ tó pé ọdún kan ló ti ń jẹ ìpápánu tí wọ́n fi ẹ̀pà ṣe. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń fi í dù ú. Ní ọdún 2008 kan náà ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà yí ìmọ̀ràn wọn padà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe tirẹ̀ ní 2009.

Ìwádìí tó wá fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ ni èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Gideon Lack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2015. Ọmọ 640 ni wọ́n kó jọ, ọmọ oṣù mẹ́rin sí mọ́kànlá. Kì í ṣe ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáká ni wọ́n o: àrùn awọ ara tí ń yún ni, tí à ń pè ní ẹ́kísímà, ti le lára wọn, tàbí kí ara wọn ti kọ ẹyin. Wọ́n ní kí ìlàjì máa jẹ ẹ̀pà, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Kí ìlàjì yòókù má fẹnu kàn án. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún márùn-ún, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò jẹ ẹ̀pà, bíi 17 ló ti ní àlẹ́jì ẹ̀pà. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń jẹ ẹ́, bíi mẹ́ta péré ni.

Àlàyé tí àwọn onímọ̀ ṣe ni pé ẹnu àti inú ni ọ̀nà tí ara fi ń mọ oúnjẹ ní ọ̀rẹ́. Bí oúnjẹ bá kọ́kọ́ gba ojú awọ ara tó ti sán tàbí tó ti bó wọlé, ọ̀tá ni ara yóò kà á sí. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2003 ti fi hàn pé àlẹ́jì ẹ̀pà wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi ìpara tí òróró ẹ̀pà wà nínú rẹ̀ pa lára. Nítorí náà, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní ẹ́kísímà kò gbọdọ̀ máa fi òróró ẹ̀pà ra á lára.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É NÍLÉ

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn èyí kí oúnjẹ wọlé, kí ọmú sì máa bá a lọ. Kí ọmọ kọ́kọ́ mọ ògì àti iṣu pípò lẹ́nu ná. Lẹ́yìn náà ni kí oúnjẹ tí à ń fura sí wá, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́kọ̀ọ̀kan yìí ni ọ̀pọ̀ ilé kò ṣe. Àpòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní Tom Brown dára púpọ̀ fún ọmọ, ṣùgbọ́n ọkà, ẹ̀pà àti sóyà ni wọ́n lọ̀ pọ̀, àwọn mìíràn a tún fi edé sí i. Bí ara ọmọ bá sú lẹ́yìn rẹ̀, ta ni wọn yóò mú nínú wọn? Bákan náà ni púpọ̀ nínú oúnjẹ ọmọ inú agolo, tó jẹ́ pé àlìkámà àti mílíìkì ló wà nínú rẹ̀. Kúnú gyàdá tí àwọn ará Òkè Ọya ń ṣe pẹ̀lú, ẹ̀pà ni. Kí ọmọ mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tán kí wọ́n tó pò wọ́n pọ̀ fún un.

Àárọ̀ ni kí wọ́n fún un, ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ yá, tí àgbàlagbà kan sì ráyè jókòó tì í fún wákàtí méjì. Kì í ṣe alẹ́ tí gbogbo ilé ń lọ sùn. Bó bá jẹ́ ẹyin, kí wọ́n sè é títí yóò fi le, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kúnná. Bó bá jẹ́ ẹ̀pà, kí wọ́n yan án, kí wọ́n bó o, kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná láìsí ṣúgà tàbí ata, kí wọ́n sì fi ògì là á. Odidi ẹ̀pà kò gbọdọ̀ dé ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, nítorí ó lè há a lọ́fun. Kúlíkúlí le jù fún un, dọ̀ǹkwá sì láta. Kí wọ́n yọ eegun ẹja dáadáa. Kí wọ́n sì rántí pé ọ̀tọ̀ ni ẹja, ọ̀tọ̀ ni edé. Ara ọmọ lè kọ ọ̀kan kó gba èkejì.

Ẹnu ṣíbí ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí kò bá sí nǹkan kan, kí wọ́n rọra fún un ní ìyókù, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n fi díẹ̀ kún un. Kí ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí oúnjẹ tuntun mìíràn tó dé. Èyí tí ara rẹ̀ bá sì gbà, kí wọ́n má ṣe dá a dúró mọ́; kó máa jẹ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ara tó mọ oúnjẹ lónìí lè gbàgbé rẹ̀ bó bá pẹ́ jù kó tó tún rí i.

ỌMỌ TÓ YẸ KÓ KỌ́KỌ́ RÍ DÓKÍTÀ

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni kí wọ́n dán èyí wò fún nílé. Ọmọ tí ẹ́kísímà le lára rẹ̀, tàbí tí ara rẹ̀ ti kọ ẹyin, ọ̀dọ̀ dókítà ni kó kọ́kọ́ lọ. Ọmọ tí ètè rẹ̀ ti wú tàbí tó ti bì lẹ́yìn oúnjẹ kan, kí ẹnikẹ́ni má tún fi oúnjẹ yẹn dán an wò nílé láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Kí ìyá mú ìwé kékeré kan, kó kọ ohun tí ọmọ jẹ, bó ti pọ̀ tó, aago tó jẹ ẹ́, ohun tó tẹ̀lé e àti àkókò tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé yìí wúlò fún dókítà ju àyẹ̀wò lọ nígbà mìíràn, nítorí àyẹ̀wò awọ ara tàbí ti ẹ̀jẹ̀ lè sọ pé àlẹ́jì wà nígbà tí ọmọ ń jẹ oúnjẹ náà láìsí wàhálà.

Bí ahọ́n ọmọ bá wú, tí ohùn rẹ̀ há, tó ń wúkọ́ láìdáwọ́ dúró, tí èémí rẹ̀ ń dún tàbí tí ara rẹ̀ rọ jọ̀wọ̀lọ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ adrenaline tí wọ́n ń gún sí itan ló ń gba ẹ̀mí là. Oògùn ara yíyún kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má da epo pupa tàbí àgbo sí ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu; ọ̀nà èémí tó ti há ni yóò tún dí pa.

EWU TÓ WÀ LÓDÌ KEJÌ

Ní ọdún 1933, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Cicely Williams kọ nípa àìsàn kan tó rí lára àwọn ọmọdé ní Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní. Ẹsẹ̀ wọn wú, irun wọn pọ́n, awọ ara wọn ń bó. Oúnjẹ àgbàdo lásán ni wọ́n ń fún wọn lẹ́yìn tí wọ́n já wọn lẹ́nu ọmú. Inú èdè Gáà ló ti mú orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ àìsàn náà: kwashiorkor, àìsàn tó ń mú ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé. Ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970 ló wá jẹ́ kí gbogbo Nàìjíríà mọ orúkọ yìí.

Láyé àtijọ́, àwọn kan ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin àti ẹran yóò ya olè. Ìbẹ̀rù yẹn ti ń kúrò nílẹ̀, ìbẹ̀rù àlẹ́jì sì ń gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí abọ́ ògì funfun kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé ọmọ dé.

Bí dókítà bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé mílíìkì ni ara ọmọ kọ̀, mílíìkì nìkan ni kí wọ́n yọ. Kí wọ́n má sá sídìí mílíìkì ewúrẹ́, nítorí ó jọ ti màlúù tó bẹ́ẹ̀ tí ara ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò kọ òun náà. Wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà, mílíìkì màlúù ni. Ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà ṣì wà níbẹ̀ láti mú ọmọ dàgbà. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú kò sì gbọdọ̀ máa fi oúnjẹ du ara rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀.

Ìròyìn ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn kọ mílíìkì tàbí ẹyin ni ara wọn máa ń gbà á bí wọ́n bá ń dàgbà. Ti ẹ̀pà le díẹ̀. Bí ọ̀kan nínú márùn-ún ni tirẹ̀ máa ń lọ. Nítorí náà, oúnjẹ tí wọ́n yọ lọ́dún yìí kì í ṣe èèwọ̀ ayérayé. Kí òbí máa padà lọ bá dókítà láti béèrè bóyá àkókò ti tó láti tún un dán wò lábẹ́ ojú rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.