Ẹ Má Fi Omi Pa Òdòdó Yín: Ìtọ́jú Gbòǹgbò Ọ́kíìdì



Ní àsìkò òjò kan, màmá àgbàlagbà kan tí ó ń gbé ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìpọ̀nrí ránṣẹ́ pè mí. Ọ́kíìdì kan wà ní fàráńdà rẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ rà fún un nígbà tí ìgbéyàwó wọn pé ọdún 40. Kò ju oṣù 4 lọ lẹ́yìn náà tí bàbá fi dágbére fún ayé. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ewé òdòdó náà ti rọ, ó sì ti ń pọ́n. Màmá wí fún mi pé, “Ọmọ mi, àárọ̀ àti alẹ́ ni mo ń bomi rin ín. Kí ni ó tún kù tí n kò ṣe?”

Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí a wo ìdí rẹ̀ ná.” Bí a ti yọ ọ́ nínú ìkòkò, òórùn ohun tí ó jẹrà gba gbogbo fàráńdà. Ilẹ̀ dúdú tí a fi ń gbin ẹ̀fọ́ ni wọ́n kó sí i, ìkòkò náà kò sì ní ihò kankan ní ìdí. Nínú gbòǹgbò bí 12, 3 péré ni ó ṣì le. Omi ni ó pa àwọn yòókù, kì í ṣe òùngbẹ.

Ìwà ọ́kíìdì

Kí a tó lè tọ́jú ohun kan, ó yẹ kí a mọ ìwà rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ́kíìdì kì í gbé inú ilẹ̀. Ara igi ni wọ́n ń dì mọ́ nínú igbó. Àwọn àgbà a máa wí pé àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni ó bá tan. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ka ọ́kíìdì mọ́ àfòmọ́. Àfòmọ́ a máa mu nínú oje igi tí ó gùn. Ní ti ọ́kíìdì, ibùjókòó lásán ni igi jẹ́ fún un. Inú afẹ́fẹ́ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà: òjò a rẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ a sì tún gbẹ ẹ́. Awọ funfun kan tí ó rí bí kànìnkànìn ni ó bo gbòǹgbò náà, òun ni ó ń fa omi.

Ilẹ̀ wa náà ní tirẹ̀. Èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ansellia africana, tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè tí ó sì ní àmì tótòtó bí awọ ẹkùn, ń hù lórí igi nínú igbó Nàìjíríà. Orúkọ John Ansell, ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó rí i ní erékùṣù Fernando Po ní ọdún 1841, ni wọ́n fi sọ ọ́. Fànílà tí a ń fi sínú kéèkì pàápàá, èso ọ́kíìdì ni. Èyí tí màmá ní, Phalaenopsis, láti ilẹ̀ Éṣíà ni ìran rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n ìwà kan náà ni ó ń hù.

Nítorí náà, bí ilẹ̀ inú ìkòkò bá mu omi yó tí afẹ́fẹ́ kò rí àyè wọlé, gbòǹgbò a jẹrà. Gbòǹgbò tí ó jẹrà kò lè fa omi mọ́, ewé a sì rọ gẹ́gẹ́ bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ibi tí a ti ń ṣìnà nìyí: a rí ewé tí ó rọ, a tún bu omi sí i.

Bí ẹ ó ti ṣe é

1. Ẹ wá ọ̀bẹ mímú tàbí àlùmọ́gàjí. Ẹ yan ẹnu rẹ̀ nínú iná kí ó sì tutù, kí ó má baà kó àrùn ran òdòdó.

2. Ẹ yọ òdòdó náà, kí ẹ ṣan gbogbo ilẹ̀ àtijọ́ kúrò lára rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tẹ gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọ̀ nìkan lè tanni jẹ. Èyí tí ó yè a máa le. Èyí tí ó kú a máa rọ̀, awọ rẹ̀ a bọ́, a sì ku okùn tín-ín-rín. Ẹ gé gbogbo èyí tí ó ti kú títí dé ibi tí ó le.

3. Ẹ gbé e sí ibòji láti àárọ̀ di alẹ́ kí ojú ọgbẹ́ lè gbẹ.

4. Ẹ gé èèpo àgbọn wẹ́wẹ́, kí ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí ẹ sì pààrọ̀ omi náà kí iyọ̀ lè jáde. Ẹ pò ó mọ́ eédú tí a fọ́, ìwọ̀n kan náà. Ẹ má lo eédú tí karosíìnì ti kàn. Lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta àgbọn àti eédú lọ́jà ni èmi ti rí ti màmá.

5. Ẹ lo ìkòkò amọ̀ tí ó ní ihò, tí kò sì tóbi ju ohun tí ó gba gbòǹgbò tí ó ṣẹ́kù lọ. Ìkòkò ńlá kì í tètè gbẹ. Ẹ má ṣe bo ibi tí ewé ti pàdé mọ́lẹ̀. Ẹ rọra jo ìkòkò náà kí ohun inú rẹ̀ lè jókòó, ẹ má kì í mọ́lẹ̀. Bí ó bá ń mì, ẹ dè é mọ́ igi kékeré.

6. Ẹ gbé e sí ibi tí oòrùn líle kò dé ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ẹ má bomi sí ìdí rẹ̀ fún bí ọjọ́ 4. Ẹ kàn wọ́n omi díẹ̀ sí ewé ní òwúrọ̀. Lẹ́yìn náà, ìgbà tí gbòǹgbò tí ó tutù bá tún funfun ni kí ẹ tó bomi. Ẹ má fi ajílẹ̀ sí i títí gbòǹgbò tuntun yóò fi yọ.

Ní Èkó, ẹ gbé e kúrò níbi tí òjò yóò ti máa pa á. Nígbà ọyẹ́ ni yóò máa tètè gbẹ. Èyí tí ara rẹ̀ le pàápàá, ẹ pààrọ̀ ohun inú ìkòkò rẹ̀ ní bí ọdún 2 sí ara wọn, lẹ́yìn tí òdòdó bá ti rẹ̀, nítorí èèpo àgbọn náà a máa jẹrà.

Ó tó oṣù 3 kí ọ́kíìdì màmá tó yọ gbòǹgbò tuntun. Kò ta òdòdó ní ọdún náà; ní ọdún kejì ni ó ta, màmá sì tún ránṣẹ́ pè mí. Ó dúró tì í fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, “Mo rò pé òùngbẹ ni ó ń gbẹ ẹ́. N kò mọ̀ pé èémí ni kò rí mí.”

Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó bu omi, ẹ kọ́kọ́ yẹ ìdí rẹ̀ wò.